Ríìmù Píńkì Bàbá Mi

Iṣẹ́ èékánná ni mò ń ṣe ní Olódì-Àpápá. Mo máa ń ha á, mo máa ń dán an, mo máa ń kùn ún, mo sì máa ń bá oníbàárà tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ó gbẹ jà. Nítorí náà, nígbà tí àwa ọmọ pinnu pé a ó tún alùpùpù àtijọ́ bàbá wa ṣe, èmi ni wọ́n kó ríìmù méjèèjì fún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Ṣebí èékánná ńlá náà ni." Mo bú u, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ.

Alùpùpù yìí ni bàbá mi ń gùn lọ sí wáàfù Àpápá ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ló ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, aṣọ la fi bò ó. Bàbá mi gan-an kò rí i dáadáa mọ́. Nǹkan funfun kan bí omi ìrẹsì ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé wọ́n á yọ ọ́, bàbá á sì tún máa ríran. Bàbá mi ní kò sẹ́ni tó máa ti abẹ bọ ojú àwọn. "Kí ló kù tí mo fẹ́ rí?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n, lèmọ́mù bẹ̀ wọ́n, èmi sunkún níwájú wọn, wọn ò gbà. Ní àsùbáà ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti mọ́sáláásí, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ gọ́tà. Láti ọjọ́ náà, ọkàn ìyá mi kì í balẹ̀ bí bàbá bá ti jáde nílé.

A rò pé bí alùpùpù bá tún dán, inú wọn á dùn, bóyá wọ́n á sì gbọ́ ti dókítà. Fọkanáísà kan ní Àmùkókò bọ́ táyà, mẹ́káníìkì yọ àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó òrùka irin lásán fún mi. Áà! Ó ti dógùn-ún kọjá sísọ. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi sáńpépà tó le àti omi gbò ó, mo tún fi èyí tó kúnná gbò ó. Bàbá mi gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá ní ó ti tán, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi ìka tọ irin náà yí ká, wọ́n á sì dúró lójú kan. "Ibí yìí ṣì ń họ mí lọ́wọ́." Bàbá tí kì í rí ẹran inú àwo ọbẹ̀ wọn, gbogbo àléébù iṣẹ́ mi ni wọ́n ń rí! Inú bí mi débi pé ó ku díẹ̀ kí n ju ríìmù náà sójú títì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ní, "Ó ti kúnná. Kùn ún ní àwọ̀ fàdákà rẹ̀." Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá.

Ìyá mi, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, pè mí mọ́ra. "Má kùn ún ní fàdákà o."

"Àwọ̀ wo la fẹ́ kùn ún, Màámi?"

Wọ́n wẹ̀yìn wò. "Píńkì. Èyí tó wà nínú ìgò kékeré yẹn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ìgò náà. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá wá sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń gbé e sókè, wọ́n á yí i sí oòrùn, wọ́n á sì dá a padà. Wọn ò jẹ́ kí n kùn ún fún wọn rí, nítorí ìrun. Bí ọ̀dà bá ti bo èékánná, omi àlùwàlá kò ní kàn án, àlùwàlá ọ̀hún kò sì pé.

"Ẹsẹ̀ máṣíìnì kì í ṣe àlùwàlá," ni ìyá mi wí. "Kùn ún fún mi."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀, kí wọ́n wá wò ó."

Mo gbé ìgò náà, ó di Marine Beach, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kun ọkọ̀ ojú omi, torí mo fẹ́ ọ̀dà tí omi ò ní tètè jẹ. Nígbà tí mo yọ ìgò èékánná jáde pé kí ó po ọ̀dà tó jọ ọ́, ó wo ìgò, ó wò mí. "Madam, na boat you wan paint abi na finger?"

"Na my papa bike."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ jókòó sórí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ di búlúù. Ó wá kàn mí láti rẹ́rìn-ín, mo sì rín in dáadáa. Ó po pupa mọ́ funfun díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti inú ìgò mu.

Nílé, mo kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i, mo jẹ́ kí ó gbẹ, mo wá fi píńkì lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo tún un lé. Èyí tí ń mú un dán ló kẹ́yìn. Adìẹ ni mò ń lé kúrò nídìí ọ̀dà tútù níbẹ̀, kì í ṣe oníbàárà. Ìyá mi á yọjú, wọ́n á fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọlé, wọ́n á tún yọjú. Inú mi dùn débi pé orin ń bọ́ lẹ́nu mi.

Bàbá mi ní, "Ìyá wọn, ṣé fàdákà náà jáde dáadáa?"

Ìyá mi kì í purọ́. "Ó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Bàbá wọn."

Bàbá mi fọwọ́ pa á. "Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ," ni wọ́n wí. Mo ti sá wọlé, mo ki ojú bọ ìrọ̀rí.

Nígbà tí mẹ́káníìkì to gbogbo rẹ̀ padà, bàbá mi jókòó sórí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì ń tì í lọ ní àdúgbò. Àdúgbò dàrú! "Papa! See wheel! Papa, you too sweet!" Bàbá mi ń juwọ́ bí ọba. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní wáàfù yọ, ó sì dúró gbagidi. "Háà! Ìwọ náà kẹ̀?"

"Èmi kẹ̀, kí ni?"

Ọ̀rẹ́ náà rí ìyá mi tí wọ́n fi ìka lé ètè. "Ó dáa. Ó dáa púpọ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí." A gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ́nà.

Bàbá mi kò sinmi mọ́. Wọ́n bi mí, wọ́n bi alápatà, wọ́n bi àwọn ayálégbé. Kò sẹ́ni tó sọ. Èmi ní, "Màámi ní kí ẹ wá wò ó ni, sà." Wọ́n kọ oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀rù wá bà mí pé a ti ṣe é jù. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n ti wọ agbádá, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbé mi lọ bá dókítà yẹn. Ojú kan péré! Ọ̀kan tó láti mọ ohun tí ẹ fi mí ṣe nínú ilé yìí." Ìyá mi wọ yàrá lọ, wọ́n forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìkírun, wọ́n ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n ṣí ojú ọ̀hún. Bàbá mi wọlé láìdi ẹnikẹ́ni mú. Ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n wò wọ́n pẹ́. "Ìwọ náà ti dàgbà báyìí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ni ìyá mi dáhùn.

Ìgbà náà ni wọ́n yíjú sí alùpùpù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ríìmù yí ká bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n fọwọ́ bo ojú tuntun. "Ojú tí wọn ò tíì ṣe sọ pé fàdákà ni." Wọ́n ṣí i. "Háà! Píńkì!" Wọ́n tún bò ó, wọ́n tún ṣí i, ni ẹ̀rín bá gbé wọn, ó gbé gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n mi ń yí nílẹ̀.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n gbóhùn sókè. "Lọ po ọ̀dà olómi ọsàn wá fún mi. Ó ku táńkì."

Ẹ̀rín bàbá mi dá. "Irú olómi ọsàn wo?"

"Bí ẹ bá fi ojú méjèèjì wò ó, ẹ ó mọ̀," ni ìyá mi wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ sílé ìdáná.

Bàbá mi wo ẹ̀yìn wọn, wọ́n wo táńkì. Wọ́n ní kí n pe dókítà, kí n bi í bóyá wọ́n lè ṣe ojú kejì kí ọ̀dà náà tó gbẹ.