Ìṣápá Inú Yìnyín

Òórùn ìṣápá pupa ló máa ń jí mi nígbà tí mò ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Mamobi, nílùú Accra. Ìṣápá gbígbẹ, èyí tí àwọn ará Gánà fi ń ṣe ohun mímu sobolo, ni màmá mi ń tà, àpò lórí àpò títí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Màmá mi gbà pé ọwọ́ àkọ́bí obìnrin ló ń fa oníbàárà, nítorí náà èmi nìkan ló gbọ́dọ̀ tú àpò àkọ́kọ́ láràárọ̀. Bí ara mi kò bá yá, wọ́n á wọ́ àpò wá bá mi lórí ibùsùn. Mo ti jáde yunifásítì o, ṣùgbọ́n n kò lè sun ibòmíràn mọ́jú.

Bí mo bá tú àpò tán ni mo tó ń wọ ọkọ̀ èrò trótró lọ sí ilé ìwádìí kan lápá Madina, nínú Accra kan náà. Yìnyín orí òkè gíga kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà là ń yẹ̀ wò, láti mọ ibi tí òjò rẹ̀ ti wá. Omi a máa wúwo jura wọn lọ, nítorí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àísótóòpù. Bí ẹ̀rọ bá wọ̀n ọ́n, a ó mọ òkun tí ìkùukùu rẹ̀ ti gbéra. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi maikirosíkóòpù wá lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí afẹ́fẹ́ gbé sínú yìnyín náà. Ọ̀gá wa, obìnrin àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Gà, ní ẹni tí àwárí rẹ̀ bá lágbára jù ni àwọn yóò mú lọ sórí òkè náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé yìí.

Lọ́jọ́ kan, mo rí lẹ́búlẹ́bú ìṣápá, roboto, ẹlẹ́gùn-ún, nínú omi yìnyín. Mo ní afẹ́fẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló gbé e débẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ra kóòtù òtútù ní ọjà Kantamanto, nínú ooru Accra.

Ọ̀gá wò ó títí. Wọ́n ní, “Omi yìí sọ pé òkun ìlà-oòrùn ni òun ti wá. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó yìí sì wúwo, kòkòrò ló ń gbé e, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ta ló wá gbé e gòkè?”

Inú bí mi dé ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti tú àpò, eruku pupa gbéra, ó bà lé gèlè mi. Mo gbọn gèlè náà sórí gíláàsì níbi iṣẹ́, mo wò ó: ẹlẹ́gùn-ún kan náà ni. Àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi ti sọmọ lórúkọ tán kí n tó wolé. Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sá fún ti ṣáájú mi wọnú yìnyín.

Mo sọ fún ọ̀gá pé gèlè mi ló gbé e wọnú omi náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ wọn omi níbi iṣẹ́ wa ni wọ́n mú lọ sórí òkè. Mo sunkún nínú trótró láti Madina délé.

Nígbà tí màmá mi gbọ́, wọ́n ní, “Alhamdulilahi. Ọwọ́ ẹ ò ní jìnnà sí mi.”

Màmá mi ti di olóògbé báyìí. Àwọn onímọ̀ ní yìnyín òkè náà ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Kóòtù mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, mo mọ òkun tó ti gbéra àti ọ̀nà tó gbà wá. Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún mi mọ́, mo lè ti ilẹ̀kùn kí n máa lọ. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí n tó bọ́jú rárá, mo ti tú àpò.