Ọmọńdinrín Ẹsẹ̀ Òsì

Ara-ò-balẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin oníbàtà, orúkọ náà sì ro ó. Bó bá jókòó ti iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó lábẹ́ tábìlì. Bó bá sùn, wọ́n ní ẹsẹ̀ náà kì í sùn. Ìyá rẹ̀ búra pé lọ́jọ́ kan òun bá a lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìrọ̀rí, ó ń hanrun, ó sì ń rìn lọ. Ẹ má bi ìyá náà bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ gbádùn ìtàn kì í gbé ọ̀rọ̀ sórí òṣùwọ̀n.

Ohun tó ń ta á nídìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ilé ìránbàtà kan lókè òkun ti ní kó máa bọ̀ wá kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì ní òun gbà, kò sì lè lọ láìjẹ́ pé bàbá súre fún un, nítorí òun nìkan lọmọ tó mọ iṣẹ́ ìdílé. Láti ìgbà náà, kò lè parí oúnjẹ lórí ìjókòó. Á gé awọ dé ìdajì, á dìde lọ wo òpópónà. Á há ìṣó sẹ́nu, á gbàgbé, á fẹ́ dáhùn ìkíni, gbogbo ìṣó á tú sílẹ̀.

Bàbá kò bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi í: kí lo fẹ́ lọ wò? Ó ní òun fẹ́ kí ojú òun là. Bàbá ní ojú rẹ̀ ti là láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àfi tó bá ń sùn. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn èèyàn mìíràn. Bàbá ní kó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, gbogbo èèyàn ló ní ẹsẹ̀, wọ́n á kọjá. Ìyá dá sí i, ó ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí... Bàbá ní kó gbé ìyókù mì, oko kọ́ làwọn ń ro, bàtà làwọn ń rán.

Bàtà ọ̀hún lókìkí. Wọ́n ní àkọ́bí á wọ̀ ọ́ gbéyàwó, àbíkẹ́yìn á tún wọ̀ ọ́ sin bàbá. Kìkì pé tuntun rẹ̀ a máa há ẹsẹ̀ òsì, níbi ọmọńdinrín. Kò sẹ́ni tó kà á sí àbùkù. Gbogbo àdúgbò gbà pé bí bàtà tuntun ti ń ṣe nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń tiro bí adìẹ tó tẹ ẹ̀yinná, ẹ ò ní bi í pé kí ló ṣe é, ẹ máa kí i pé bàtà á gbó o.

Ó kù díẹ̀ kí àyè tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún bọ́, ni arìnrìn-àjò kan bá gbé bàtà tuntun tí wọ́n rán nílùú mìíràn, tí ìdí rẹ̀ ṣí, wọlé. Nígbà tí Ara-ò-balẹ̀ tún un ṣe tán, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rìn dé ẹ̀yìnkùlé, ó padà. Awọ náà le gbagidi, síbẹ̀ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì kò ráhùn.

Bí àlejò ti lọ, ó kó àwọn ẹsẹ̀ igi sílẹ̀ lórí pẹpẹ, ìyẹn igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn, tí wọ́n ń fa awọ bò láti fi ṣe bàtà. Gbogbo ti òsì, ńlá àti kékeré, ló ká níbi ọmọńdinrín. Ó bi ìyá rẹ̀. Ìyá ní ṣebí bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì ń wò gbẹ́ ẹ. Òòlù ti já lé ọmọńdinrín rẹ̀ rí nígbà èwe, ó sì ká. Èyí tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn náà, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò. Òòlù já lé ẹnì kan, odidi àdúgbò ń tiro.

Ó kó wọn síwájú bàbá, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá yí wọn lọ́wọ́ títí.

“Ó dáa. Mú ọ̀bẹ, kó o tún wọn gbẹ́. Ìgbà tó o ti wá rí i níbí, kí lo tún ń wá lọ sókè òkun?”

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jó dúró jẹ́ẹ́.

“Bàbá mi, àlejò ló jẹ́ ká rí èyí. Bí ìdí bàtà rẹ̀ ò bá ṣí ńkọ́? Èwo la tún ń ṣe ní wíwọ́, tá a rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Mi ò lè jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn kí n máa retí ẹni tí bàtà rẹ̀ máa já.”

Bàbá kó àwọn ẹsẹ̀ igi náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà òsì rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ọmọńdinrín rẹ̀ ti ká wọ abẹ́ ìka kejì, bí ọmọ tó sá pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ òòlù kankan kò já lé e rí. Ó ní kí ọmọ bọ́ tirẹ̀. Wọ́n jọ tẹjú mọ́ ọn: ó ti ń tẹ̀, kò tíì ká.

“Máa lọ, kí tìẹ tó ká tán. Mo súre fún ẹ. Bó o bá sì rí i pé nǹkan tiwọn náà wọ́, má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Rọra sọ ọ́ fún wọn.”

Ara-ò-balẹ̀ ti rò pé òun á fò sókè lọ́jọ́ tí bàbá bá gbà. Àfi bó ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò fẹ́ dìde mọ́. Bàbá ló kọ́kọ́ dìde, ó ń wá ọ̀bẹ ìgbẹ́gi.