Ọwọ́ Mi, Ẹnu Màmá

"Kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Màmá wí. Wọn kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìdí ṣíbí ni wọ́n fi ń tẹ ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ pépà po, wọ́n á fà á gbààà, wọ́n á sì mú òmíràn.

Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè Sípéènì náà sún mọ́ ojú. "Hora. Tiempo. Vez."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ mà wúwo o! Àfi bí ẹni tí iṣu gbígbóná há lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ òyìnbó wo ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn?"

"'Time' ni, Màmá."

"Hẹn-ẹn. Ti àkọ́kọ́ ni ti aago. Ìkejì ni ti ìgbà tó ń lọ. Ìkẹta ni ti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ni tíṣà kọ síbẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹ rántí Àǹtí 'many times'."

"Ìkẹta ni. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Àdúgbò Fola Agoro là ń gbé nígbà náà, ní ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Màmá kì í ṣe ẹbí wa, ṣùgbọ́n yàrá wọn kọjú sí tiwa, àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú sì máa ń kó pépà wá bá wọn pé kí wọ́n bá àwọn ṣẹ́ ẹ. Nítorí náà, yàrá wọn kì í ṣàì rùn yíǹkì. Òórùn kòkó tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn yan sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Erékùṣù Fẹnándópò, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń yan kòkó. Oko kòkó ni ọkọ wọn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn sí, tí èmi ń pè ní Àǹtí láì rí wọn rí. Nígbà tí wàhálà dé, tí ìjọba ibẹ̀ ń fìyà jẹ àwọn àlejò, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó àwọn ọmọ Nàìjíríà padà sílé, Àǹtí ti wà nílé ọkọ. Àǹtí kọ̀ láti lọ. Màmá bínú, wọ́n wọ ọkọ̀ láìdágbére fún ọmọ wọn. Ohun tó ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé kan ní Palmgrove ti bá wọn kọ lẹ́tà kan ní èdè Sípéènì rí, èsì kò dé.

Wàyí o, ìyá kan nínú ìjọ wa fẹ́ lọ ta aṣọ ní erékùṣù náà. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, ni wọ́n ń lọ. Àǹtí kò lè ka Yorùbá, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn sísítà Sípéènì ni wọ́n ti kàwé. Màmá ń sọ èdè Sípéènì bí omi, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ ọ́n kà, wọn kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọkàn wọn fún tíṣà ilé ìwé ìjọ wa, tíṣà kọ ọ́ ní èdè òyìnbó, Fadá sì yá wa ní ìwé atúmọ̀ èdè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá ọ̀rọ̀ rí, kí n kà á, kí Màmá fi etí yàn án.

Màmá kì í kánjú yan ọ̀rọ̀. Ìbéèrè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí: ta ló ń sọ ọ́, ta ló ń sọ ọ́ fún? Nígbà tí a dé ibi 'know', wọ́n ní, "Mímọ ènìyàn ni àbí mímọ nǹkan? Àwọn Sípéènì kì í pa méjèèjì pọ̀." Nígbà tí a dé ibi 'hope', wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ní tiwọn, ẹni tó ń retí náà ni ẹni tó ń dúró. Kọ ọ́. Mo ti dúró tó."

Báyìí la ṣe mú àwọn ọ̀rọ̀ líle. Àwọn kéékèèké ni mo lọ fúnra mi wá nílé, tí mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ojú ìwé mẹ́rin. Àṣìṣe á pọ̀ nínú rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ iye rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, mo jókòó ti Màmá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

N kò tíì ka ìlà mẹ́ta tán tí ṣíbí fi dúró.

"Ta ni ò ń pè ní 'usted'?"

"Àǹtí ni, Màmá."

"Ọmọ tí mo bí? Èmi ni mo wá ń pe ọmọ mi ní ẹ̀yin, bí ẹni ń kí gómìnà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé yìí ní méjì ló wà. Ọ̀kan fún ọmọdé, ọ̀kan fún àgbà. Àǹtí ju màmá mi lọ. N kò lè pè wọ́n ní ìwọ. Màmá mi á gbá mi létí."

Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Tó bá rí èyí, á ní àlejò ló kọ ọ́. Á tún dákẹ́ ni."

Omijé mi bọ́ sórí pépà. Ojú ìwé mẹ́rin, ọ̀la sì ni ìyá aláṣọ ń lọ. Màmá fà mí mọ́ra.

"Ìyá rẹ kọ́ ẹ dáadáa, má sọ ẹ̀kọ́ náà nù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ni mo yá, ẹnu tèmi ni. Ẹnu mi kò pè é ní ẹ̀yin rí. Tí ọkàn rẹ bá ń dá ẹ lẹ́bi, kúnlẹ̀ kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ná."

Mo dìde, mo kọjú sí ọ̀nà Bàrígà, níbi tí ọ̀sà wà, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni omi ti ń lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Màmá ló rán mi." Mo padà jókòó, mo kọ 'tú', ìyẹn ìwọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ìkúnlẹ̀ mẹ́rin gbáko. Kí n tó parí, ife kòkó gbígbóná méjì ti wà lórí àpótí, Màmá sì ti ń kọ orin Màríà lábẹ́ ahọ́n.

Ìyá aláṣọ gbé lẹ́tà lọ. Oṣù mẹ́rin kọjá. Màmá ń ṣẹ́ pépà, wọ́n ń lọ Mísà àárọ̀, wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde, ìyá náà wọlé wá pẹ̀lú àpòòwé tí lẹ́tà Àǹtí àti fọ́tò àwọn ọmọ wọn mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ẹnu mi tó wúwo yẹn náà ni mo fi ka lẹ́tà náà, Màmá sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà. Àǹtí ní lẹ́tà àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀mọ̀wé yẹn kọ, dà bíi ti ìjọba. Wọ́n ní, "Mo rò pé ẹ ti kú, tí wọ́n ń fi í pamọ́ fún mi, ẹ̀rù sì bà mí láti bèèrè." Wọ́n tún sọ pé, "Èyí tí mo rí yìí, ohùn yín ni mo gbọ́ nínú rẹ̀."

Mo wo ìwé náà dáadáa. "Màmá, 'usted' ni Àǹtí ń pè yín láti òkè délẹ̀. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ 'tú'."

Màmá fi etí ìró nu ojú. "Èmi náà kọ́ ọmọ mi dáadáa nìyẹn."

Ọlọ́run ti pe Màmá. Ọ̀nà Igbóbì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nílé ìwòsàn, wọ́n sì máa ń ní kí n bá àwọn àgbà túmọ̀ ohun tí dókítà wí. Kí n tó la ẹnu, mo máa ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀, mo sì máa ń wo ẹni tó ń gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo, mo máa ń rọra tẹ eékún kan ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó sọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé eékún ló ń dùn mí.