Verlon Tidmore, Ọkùnrin Tí Kò Gbọdọ̀ Wo Bọ́ọ̀lù

Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré kí eré parí. Nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà yìí, Harmon Gap fi ààmì méjì ju Kọ́lẹ́ẹ̀jì Pruett lọ, ẹni tí yóò bá Pruett fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì fún ààmì mẹ́ta sì ti ń nu koríko kúrò lára bàtà rẹ̀. Nígbà náà ni ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn kẹ̀yìn sí pápá, tí wọ́n dojú kọ ọkùnrin kan ṣoṣo tó jókòó ní ìlà kejìlá, tó ń jẹ ẹ̀pà sísè.

"Verlon! Jáde! Verlon! Jáde!"

Rẹfirí fọn fèrè. Ó sáré bá akọ́nimọ̀ọ́gbá Pruett, ó bi í bóyá ìjà ló bẹ́ sílẹ̀.

"Kì í ṣe ìjà," ni akọ́nimọ̀ọ́gbá dá a lóhùn, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní sùúrù fún wa díẹ̀, sà. Mísítà Tidmore ò tíì jáde ni."

Verlon dìde. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó tún fìlà aláwọ̀ ewé rẹ̀ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó lọ sí ẹnu ọ̀nà kalẹ̀ bí ọkọ ìyàwó, tó ń kí àwọn tó wà lọ́tùn-ún, tó ń kí àwọn tó wà lósì.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ mi, ìyá rẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi ti kú láti ọdún tó kọjá, Mísítà Verlon! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde!"

Ó bá a kẹ́dùn dáadáa kó tó jáde. Ó lọ dúró lẹ́yìn ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ta ẹ̀pà, ó kẹ̀yìn sí pápá. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ariwo tó ta nínú pápá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn màlúù tó wà lẹ́yìn odò dìde dúró.

Gbogbo ìlú Sipley, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ló mọ̀ pé bí Verlon Tidmore bá ti fi ojú ara rẹ̀ wò ó, bọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Pruett kò ní gba àárín òpó kọjá. Ẹ má bi mí bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ gbà á gbọ́. Olùkọ́ ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní òun kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n òun náà a máa dìde pariwo "Jáde!"

Orlene ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a ṣọ́ àga. Odindi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń lọ. Bí Verlon bá sì padà dé, ìbéèrè kan náà ni.

"Ó wọlé?"

"Ó wọlé."

"Ṣé ó ń yí lókè? Báwo ló ṣe rí?"

"Ó rí bíi bọ́ọ̀lù, Verlon."

Ìdáhùn yìí kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Á yí sí Hoyt Gandy, onígbàjámọ̀, tó máa ń jókòó lẹ́yìn wọn, tó sì jẹ́ olórí àwọn tó ń lé e jáde. Hoyt a dìde, a na apá, a fi ẹnu sọ bọ́ọ̀lù náà di ẹyẹ. Tẹlifíṣọ̀n a máa tún eré náà fi hàn lálẹ́, ṣùgbọ́n Verlon kì í wò ó. "Òkú bọ́ọ̀lù nìyẹn," ló máa ń wí. "Ààyè ni mo fẹ́ rí."

Ó ti gbìyànjú láti rí ààyè náà lẹ́ẹ̀kan. Ọdún tí wọ́n kun ọgbà pápá ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni. Wọ́n lé e jáde, ó jáde, bọ́ọ̀lù sì tún ṣìnà gba ẹ̀gbẹ́ òpó. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní bóyá agbára rẹ̀ ti wá ń la ògiri kọjá. Ìgbà tí Verlon padà wọlé tó jókòó jẹ́ẹ́ ni Hoyt tẹjú mọ́ ọn, ó rí òrùka ọ̀dà tútù kan tó yí ojú rẹ̀ ọ̀tún ká, tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò tó wà lára pákó ọgbà.

Òkìkí rẹ̀ kàn dé Harmon Gap. Lọ́dún kan tí Pruett lọ bá wọn ṣeré nílé, àwọn àgbààgbà ibẹ̀ wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fún un ní àga ní iwájú pátápátá lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi tìmùtìmù sí i, wọ́n gbé tíì olóṣúgà tó ní yìnyín nínú lé e lọ́wọ́. "Mísítà Tidmore, àlejò pàtàkì ni yín. Ẹ má ṣe wàhálà láti dìde rárá." Verlon dúpẹ́ gidigidi. Ìgbà tó tó àkókò láti gbá bọ́ọ̀lù, ó dìde, ó gbé tíì, ó gbé tìmùtìmù sábẹ́ apá, ó sì jáde. Tìmùtìmù náà ṣì wà nílé wọn dòní.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún tó gbẹ̀yìn ni dókítà pe àwọn méjèèjì jókòó. Ọkàn Verlon ti rẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè sọ ọ́ di tuntun mọ́. Wọ́n padà sínú pikọ́ọ̀pù, wọn kò tètè wa ọkọ̀ kúrò.

"Orlene."

"Mo ń gbọ́."

"Dókítà obìnrin yẹn ní ó ṣeé ṣe kí n má rí sáà ọdún tó ń bọ̀."

"Mo gbọ́ ohun tó sọ."

"Nǹkan kan ló kàn ń dùn mí. Mi ò rí ọ̀kan rí."

Orlene kò bi í pé ọ̀kan kí ni. Ọjọ́ náà ló pinnu pé ọkọ òun kò ní kú láìrí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kó kọjá láàárín òpó méjì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sáà náà wá ṣe bí ẹni pé ó ń bá a jà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Pruett ti gba ife-ẹ̀yẹ agbègbè gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, wọ́n ń borí ṣáá, wọ́n sì ń fi ààmì kan tàbí méjì borí. Eré wo ló fẹ́ parí tí wọn kò ní lé Verlon jáde? Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ààmì méjìdínlọ́gbọ̀n ṣíwájú, Orlene di apá rẹ̀ mú.

"Jókòó, kó o wo èyí. Bí kò wọlé, kí ló máa ṣe?"

"Ààmì mẹ́ta ni ààmì mẹ́ta," ni Verlon wí, ó sì bọ́ apá rẹ̀ gbà.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà wá gùn sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń dúró mí lórí ìkẹwàá, ó ń dúró mí lórí ogún. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àǹfààní láti dá eré dúró kan pamọ́ nínú eré kọ̀ọ̀kan, kí bàbá náà lè ráyè jáde. Ní eré karùn-ún, òjò rọ̀, irin tí wọ́n ń dì mú ń yọ̀, àwọn ènìyàn sì ń pariwo kó ṣe kíá. Orlene kò wo pápá rárá lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó bá gbé bàtà sókè.

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó fi ọkọ̀ gbé Verlon lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Cade Pettus, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, kò tíì ṣi ẹyọ kan gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Verlon dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó la ojú sílẹ̀. Cade gbá àkọ́kọ́, ó lọ sápá òsì. Ó gbá ìkejì, ó lọ sápá ọ̀tún. Ó gbá mẹ́sàn-án, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣìnà, ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà sì ti pọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rìn wá, ó ṣí fìlà.

"Mísítà Tidmore, mo bọ̀wọ̀ fún yín gan-an ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ jẹ́ kó gbá ẹyọ kan sí i," ni Orlene bẹ̀ ẹ́.

Ìkẹwàá gba àárín gbùngbùn kọjá. Verlon ń sín lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wà ní dídì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ọjọ́ ìkẹyìn sáà, nínú oṣù kọkànlá. Harmon Gap ló wá sí Sipley. Eré ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì ti pàdánù. Ẹni tó bá borí lónìí ló ni ife-ẹ̀yẹ. Láti àárọ̀ ni èéfín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti gba ojú ọ̀run. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, Harmon Gap ní ààmì mọ́kànlélógún, Pruett ní ogún. Bọ́ọ̀lù ti jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, aago sì dúró. Cade ń bọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ti lo gbogbo àǹfààní ìdádúró rẹ̀ tán.

"Verlon! Jáde! Verlon! Jáde!"

Orlene ṣe ìṣirò náà lójú ẹsẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni rẹfirí máa fún Cade. Verlon kò lè sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì mọ́, àfi tó bá fẹ́ kú síbẹ̀. Verlon sì ti dìde. Orlene di ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ mú.

"Fi mí sílẹ̀, Orlene."

"Mi ò fi ẹ́ sílẹ̀."

"Ife-ẹ̀yẹ ni o! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!"

"Mo mọ iye ọdún ẹ̀. Jókòó."

Hoyt na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Mísì Orlene, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ jẹ́ kó jáde! Ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Orlene yíjú sí i. "Hoyt Gandy, ọkọ mi ò ní rí sáà mìíràn. Èyí, ó máa wò ó."

Hoyt rọra jókòó. Ó yí sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ sétí ẹni tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà sọ fún ẹnìkejì. Ariwo náà ń kú ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí pápá fi dákẹ́, tí ó wá ku ohùn àwọn Harmon Gap nìkan ní apá kejì. Verlon fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Orlene mú ọwọ́ náà kúrò, ó sì dì wọ́n mú.

Cade gbá a. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó ń yí, ó ń lọ, ó ń lọ. Verlon la ẹnu bí ọmọdé. Bọ́ọ̀lù dún gbàà lára òpó òsì, ó sì já bọ́ sílẹ̀ níwájú.

Lẹ́yìn náà, ohùn kan jáde láti ìlà kejìlá, ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láre.

"Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i báyìí? Kí ni mo ti ń sọ fún yín?"

Hoyt ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ràn ká. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ife-ẹ̀yẹ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Cade gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú aṣọ eré lọ́rùn.

"Ẹ má bínú, sà."

"Kí lo ṣe? O gbá a dáadáa. Èmi ni mo wò ó," ni Verlon wí. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Èmi ni mo wò ó o!"

"Verlon ló wò ó!" ni wọ́n dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí Cade Pettus ní Sipley títí dòní.

Orlene ló wa ọkọ̀ lọ sílé. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ odindi ìlú, ọkọ rẹ̀ kò sì rí ohun tó fẹ́ rí.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́," ló béèrè, "pé ojú rẹ ni?"

Verlon ń wo ìta fèrèsé. "Èmi ni."

"Ìwọ?"

"Ọmọ kan wà, Lonnie. Ó ṣi mẹ́ta gbá lọ́jọ́ kan tí ìwọ ò wá. Wọ́n ń sọ ife lù ú, wọ́n ń bú u. Ìyá ẹ̀ jókòó níwájú mi, ó ń sunkún. Mo bá dìde, mo ní ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀, èmi ni, ìgbàkígbà tí mo bá wò ó, kì í wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n jáde. Mo jáde. Ó wọlé. Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ṣé ìwọ náà wá gbà á gbọ́?"

"Lákọ̀ọ́kọ́, rárá. Ìgbà tó yá ni bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́."

Orlene rẹ́rìn-ín títí ó fi pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀rín náà di ẹkún. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Verlon! Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Wàá sọ fún Hoyt."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ó ń yí, Orlene. Hoyt ò sọ ọ́ dáadáa rí."

Ó kú nínú oṣù kejì. Mẹ́fà nínú àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Pruett látẹ̀yìn wá ni wọ́n gbé pósí rẹ̀. Lonnie ló ṣíwájú, irun rẹ̀ ti funfun.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Orlene lọ nìkan. Cade ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ tuntun kan ló wà ní ipò rẹ̀, tín-ínrín, etí rẹ̀ tóbi. Wọ́n pè é. Àwọn ènìyàn wo ìlà kejìlá, wọ́n tún gbójú kúrò. Ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù, ó ṣìnà pátápátá.

"Ta ló tiẹ̀ mú eléyìí wá?" ni Hoyt bẹ̀rẹ̀. "Kò mọ̀ ọ́n gbá!" Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùn bákan náà, ọmọ náà sì dorí kodò.

Orlene dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Hoyt, fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo wò ó."

Hoyt ṣí fìlà.

"Ó dáa, Mísì Orlene," ló wí. "Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́."

Orlene bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó jókòó títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ògiri, Orlene sunkún díẹ̀. Ó ra ẹ̀pà, ó kẹ̀yìn sí pápá, ó sì dúró de ariwo.