Ewúrẹ́ Tó Bímọ Lórí Ọ̀sà

Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Gáàdì ni wọ́n: àwọn ni wọ́n máa ń fọn fèrè, tí wọ́n á ju àsíá, kí ọkọ̀ tó gbéra. Òṣogbo la ti wá, ṣùgbọ́n Ìkòròdú ni wọ́n ti rí yàrá méjì tí agbára wọn ká. Kò sí ojú irin ládùúgbò wa. Kò pẹ́ tí ìjókòó lásán sú wọn, ni wọ́n bá lọ sí Èbúté lọ bá obìnrin Ìlàjẹ kan tó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù ọjà láti Èjìnrìn wá sí Ìkòròdú, wọ́n ní kó jẹ́ káwọn máa bá a tọ́jú ẹrù.

Àṣà ojú irin ni wọ́n kó wọ inú ọkọ̀ náà. Gbogbo àpò gààrí, gbogbo agbọ̀n ẹja gbígbẹ, wọ́n á so páálí kékeré mọ́ ọn, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Àwọn oníṣòwò kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹrù ẹnikẹ́ni ò ṣìnà mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń béèrè páálí. Awakọ̀ pàápàá kì í tan ẹ́ńjìnnì bí fèrè ò bá tíì dún.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ibà tó ti mú bàbá mi láti àná dá wọn dùbúlẹ̀. Tíṣà ni mí, iléèwé sì wà ní ìsinmi. Wọ́n na fèrè sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ohun tó o bá kó ní Èjìnrìn, òun náà ni kó o sọ̀ ní Ìkòròdú. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé."

Nígbà tá a dé Èjìnrìn, mo so páálí mọ́ gbogbo ẹrù, títí kan ewúrẹ́ kan tí ìyá àgbà kan fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. A ò tíì rìn jìnnà lórí ọ̀sà tí ewúrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo rò pé omi ló ń bà á lẹ́rù. Obìnrin Ìlàjẹ yẹn wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Tíṣà, ẹ sún àpò yẹn sẹ́yìn. Ó fẹ́ bímọ."

Ká tó dé èbúté, ó ti bí méjì, akọ kan, abo kan. Awakọ̀ dín eré kù kí omi má baà ta sí wọn lára.

Ọmọ ìyá àgbà ti ń dúró dè wá. Ó wo páálí, ó wo ẹran, ó mi orí.

"Ewúrẹ́ kan ni màmá mi ní àwọn fi ránṣẹ́. Mi ò lè kó ẹran ẹlẹ́ran."

Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Gbogbo wa la gbọ́ ẹ̀rín ìyá náà.

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ pé kó o má pa á? Oyún tó wà nínú rẹ̀ ni mo rí."

Ọkùnrin náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi gbé àwọn ọmọ ewúrẹ́ mọ́ àyà, ó sì ń fa ìyá wọn lọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dìde jókòó. Wọ́n ní màlúù kan bímọ nínú wágùnù àwọn rí, pé ọ̀gá ibùdókọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ káwọn sọ ọmọ náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n gbé ẹ̀kọ wá. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ láti ọjọ́ méjì nìyẹn.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, àwa méjèèjì la jọ lọ sí Èjìnrìn, mo sì ń bá wọn lọ títí ìsinmi fi parí.