Káńsẹ́lọ̀ Bhavsar

Ramnik Bhavsar ti ṣe aṣòfin rí ní Gujarat, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, kó tó dé Manchester, níbi tó ti ń wa bọ́ọ̀sì. Lọ́dún 1986, ó gbé àpótì ìbò fún ipò káńsẹ́lọ̀ ní Whalley Range, àdúgbò kan ní Manchester. Olúbùsọ́lá, nọ́ọ̀sì ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bá a kan ilẹ̀kùn kiri láti tọrọ ìbò, àmọ́ baba náà fìdí rẹmi.

Lọ́jọ́ kejì, Olúbùsọ́lá gbé ọbẹ̀ lọ tù ú nínú. Ó bá a tó ti wọ kóòtù òjò, tó fẹ́ jáde. Òjò ń jò sí yàrá ìyá òyìnbó kan, baba fẹ́ sin ín lọ sí ọ́fíìsì káńsù.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ìyá tó lé wa lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn?”

“Ọmọ mi, ṣé òjò bi í léèrè ẹni tó dìbò fún kó tó jò lé e lórí?”

Olúbùsọ́lá gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ìbò tún dé, Bhavsar wọlé. Ó ṣe káńsẹ́lọ̀ títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Láti ìgbà náà, Olúbùsọ́lá ló ń ka ìwé ìròyìn fún un ní gbogbo Sátidé, “Bàbá” ló sì ń pè é.