Agbọ̀n Òfìfo àti Ọ̀rọ̀ Ìbùkún

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bí mo ṣe kọ nǹkan yìí ṣe mí ní ẹ̀sín. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, yàtọ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Àbíjáǹ, n kì í kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yé mi yìí dùn mọ́ mi débi pé n kò lè pa á mọ́ra.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, ti wà lábẹ́ ibùsùn láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá mi ti gbàdúrà fún mi, ó ní kí n máa lọ ṣiṣẹ́. Ojú ló ń tì mí. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ síta tí ẹnikẹ́ni kò yà ńkọ́? Bí wọ́n bá yà tí mo ba aṣọ wọn jẹ́ ńkọ́? Mo wá ń dúró de ìbùkún. Mo ní bí ó bá dé, ara mi á yá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èjìgbò, bàbá tó ń kọ́ wa ní Bíbélì ń mú wa ka àwọn ìlérí tí Ọlọ́run ṣe fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ka ibi tí Mósè ti sọ fún wọn pé bí wọ́n bá gbọ́ràn, Ọlọ́run yóò bù kún agbọ̀n wọn. Bí mo ṣe délé, mo fọ agbọ̀n kan, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi lófìfo. Àràárọ̀ ni mo ń yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìyá kan tí a jọ ń gbé ilé rí i. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ti gbé Àbíjáǹ pẹ́ kí wọ́n tó padà wálé. Gààrí Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n ń tà níwájú ilé wa.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́ kó sínú agbọ̀n yẹn?"

Mo ní, "Kò sí, mà. Ìbùkún ni."

"Ṣé ìbùkún lẹ́sẹ̀ ni, tí yóò fi rìn wọnú rẹ̀?"

Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó tì wọ́n, mò ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán etí ìborùn wọn. Ọlọ́kadà kan dúró, ó fẹ́ ra gààrí. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi ń pariwo pé, "Ìyá, ẹ bù kún un o."

Ìyá gbé kóńgò òfìfo sókè. "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Kí ni n ó bù kún? Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná."

"Ẹ̀yin ará Àbíjáǹ, ẹ háwọ́ jù."

"Ìwọ tí ò ń kọjá onígààrí mẹ́ta kó o tó dé ọ̀dọ̀ mi, o mọ̀ pé n kì í háwọ́."

Wọ́n wọn gààrí kún kóńgò, wọ́n wá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e títí ó fi gun ṣóńṣó, tí ó ń dà sílẹ̀. "Sẹ bọ́n," ni wọ́n fi Faransé wí, bí wọ́n ṣe máa ń wí bí nǹkan bá ti dáa.

Mo gbàgbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi. Bù kún. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń pè láti kékeré, n kò já a sí méjì rí.

Mo ní, "Ìyá, ṣé bù kún yẹn náà ni ìbùkún?"

"Èwo tún ni? Àlùbáríkà là ń pè é ní tiwa. Èmi ò rí i kó bọ́ sínú kóńgò òfìfo rí."

Mo sáré wọlé lọ ṣí Bíbélì. Ó wà níbẹ̀! Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ agbọ̀n náà, Mósè ní Ọlọ́run yóò bù kún gbogbo ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé. Mo ti kà á kọjá láì rí i. Ábúráhámù náà, ẹrù ló kọ́kọ́ dì, ó kúrò nílé bàbá rẹ̀ nígbà tí kò tíì rí ọmọ kankan gbé dání.

Lọ́jọ́ kejì, èmi tí n kì í lanu ní kíláàsì, mo nawọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ kóńgò fún wọn láì mí.

Bàbá olùkọ́ ní, "Sárà ìyàwó Ábúráhámù ńkọ́? Inú rẹ̀ ṣófo. Kí ni Ọlọ́run bù kún?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "N kò mọ̀, sà."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, bàbá fúnra wọn náà rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ọlọ́run lè fi òfìfo bẹ̀rẹ̀ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ìwọ, ṣé ọwọ́ rẹ ṣófo ni?"

Mo ń wo ìka mi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ìyá tó pàtẹ gààrí, mo fa ẹ̀rọ mi jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo nu eruku ara rẹ̀, mo kán epo sí i, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí títì. Mo gbé agbọ̀n náà tì í. Mo kó síṣọ́ọ̀sì mi sínú rẹ̀, àti òwú, àti ìborùn Ìyá tí n kò tíì gán tán. Mo wá jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ẹ̀rọ.